Agogo Aláìláhọ́n Lára Ògiri Ọ̀rẹ́ Bàbá Mi

Ọkùnrin ará Jámánì tó ń gbé ilé tó tẹ̀ lé tiwa ní Conyers, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Atlanta, kan pákó kan mọ́ ògiri fàráǹdà rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Pákó náà rí bí asà tí àwọn jagunjagun ayé àtijọ́ máa ń gbé dání. Wọ́n kun òkè rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, wọ́n kun ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, wọ́n wá ya agogo ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan sí àárín. Láti ọdún tí a ti kó dé àdúgbò yẹn ni mo ti ń rí i. Mo rò pé ohun ọ̀ṣọ́ lásán ni, irú èyí tí àwọn òyìnbó máa ń rà nígbà Kérésìmesì tí wọ́n á sì gbàgbé láti yọ kúrò. N kò bi í léèrè rí. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ń juwọ́ sí i látinú ọkọ̀, òun náà á juwọ́ padà, ọ̀rọ̀ parí.

Bàbá mi ló bi í. Kò tíì pẹ́ tí bàbá mi ti Nàìjíríà dé tó fi gba orí koríko iwájú ilé wa kọjá, tó lọ jókòó sí fàráǹdà ọkùnrin náà bí ẹni pé ilé àbúrò rẹ̀ ni. Télọ̀ ni bàbá mi nílé, kì í rí iṣẹ́ ọwọ́ kó má dúró wò ó. Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ kò pọ̀, tí àwọn ará Amẹ́ríkà bá sì ti ń fi imú sọ̀rọ̀, kì í gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ará Jámánì yìí náà wúwo lẹ́nu, ó sì máa ń rọra sọ ọ́, nítorí náà àwọn méjèèjì ń gbọ́ ara wọn dé ìwọ̀n tó yà mí lẹ́nu. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá jinlẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń ké sí mi pé kí n wá ṣe ògbufọ̀.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, bàbá mi pè mí jáde. Ó na ìka sí pákó náà.

“Bá mi bi í. Èwo ni ti agogo tí kò ní ahọ́n?”

Mo wò ó dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Lóòótọ́, irin tó máa ń rọ̀ sínú agogo, tó máa ń lù ú kó tó dún, kò sí níbẹ̀. Inú agogo náà dúdú, ó sì ṣófo. Ojú tì mí díẹ̀ pé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún ló rí ohun tí èmi ò rí láti ọjọ́ yìí.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní látìgbà tí òun ti dé Amẹ́ríkà, kò sẹ́ni tó bi òun ní ìbéèrè yẹn rí. Ó ní gbogbo abúlé ní orílẹ̀-èdè àwọn ló ní àmì tirẹ̀. Wọ́n máa ń yà á sí ẹnu odi ìlú, sára aṣọ àwọn panápaná, kódà sára ife tí wọ́n fi ń mu bíà. Agogo yìí ni ti abúlé àwọn. Ó ní láyé àtijọ́, nígbà ogun, àwọn sójà kan ń dáná sun abúlé kiri nínú òtútù. Àwọn ará abúlé òun gun òkè ilé agogo lọ, wọ́n yọ ahọ́n agogo náà, kí atẹ́gùn má baà jẹ́ kó dún. Yìnyín bo gbogbo ilé, kùrukùru sọ̀, àwọn sójà kọjá lẹ́bàá abúlé náà, wọn ò mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá mi. Inú rẹ̀ dùn, ó pàtẹ́wọ́.

“Oríkì ìlú wọn nìyẹn,” ó ní. “Àwa ń ké tiwa, àwọn ń ya tiwọn.”

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti di ọ̀rẹ́ tòótọ́.

Kí n tó lọ jìnnà, ó yẹ kí n sọ ohun tó gbé bàbá mi wá. Ojú ni. Awọ ti bo ojú rẹ̀ méjèèjì, kò lè fi òwú sí abẹ́rẹ́ mọ́. Mo ní kó wá kí wọ́n bá a ṣe é níbí, kó sinmi fún oṣù díẹ̀, kó sì padà sílé. Òun náà ò fẹ́ pẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo ló kù fún un nínú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀gbọ́n yìí, tí òun fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin, ló ń pọ̀n ọ́n lọ sóko, òun ló ń rọ ọ́ ní ẹ̀kọ. Kí bàbá mi tó kúrò nílé, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún un, ó sì ṣèlérí fún un pé òun ò ní pẹ́.

Ojú rẹ̀ là, ó ń kàwé, ó ń ránṣọ. Ohun tó kù ni ẹ̀jẹ̀ ríru tó ní, tí dókítà kan ń tọ́jú. Èmi ni mo máa ń mú un lọ, èmi náà ni mo máa ń ṣe ògbufọ̀ nítorí pé nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ èdè wọn. Ní ọjọ́ kan, dókítà náà wo gbogbo àyẹ̀wò, ó ní ara bàbá mi ti balẹ̀. Ó ní ó lè wọ bàálù nígbà tó bá wù ú, kó ṣáà máa lo oògùn rẹ̀, kó sì máa dìde na ẹsẹ̀ díẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó ní kí n sọ fún un.

Bàbá mi yíjú sí mi. “Kí ló wí?”

“Ó ní ẹ ṣì nílò ìsinmi, Daddy. Ó ní ká má tíì sọ̀rọ̀ flight.”

Bó ṣe jáde lẹ́nu mi nìyẹn. N kò pète rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bàbá mi mi orí, ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, mo sì bá a dúpẹ́. Nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà I-20, ó sọ pé kò burú, pé ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ló yẹ kéèyàn gbọ́ tirẹ̀. Mo ń wo iwájú, mo ń wakọ̀.

Mo máa ń sọ fún ara mi pé nítorí ìyá mi ni. Ìyá mi kú ní Nàìjíríà. Ó kú lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù kan tí wọn kò ti rí atẹ́gùn fún un, nígbà tí èmi ọmọ rẹ̀ tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì wà ní Atlanta, tí mò ń rọra fún ìyá ẹlòmíràn lómi mu. Mo ti búra pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ sí bàbá mi. Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn, ṣùgbọ́n ó ku díẹ̀. Àwọn ọmọ wa ti lọ sí college, ọkọ mi ń wa ọkọ̀ ńlá kiri gbogbo Amẹ́ríkà, ilé ńlá náà sì máa ń dákẹ́ tí mo bá wọlé. Ìgbà tí bàbá mi dé ni mo tó rí ẹni tó ń gbé omi tíì kaná dè mí, tó ń bi mí pé báwo ni àwọn aláìsàn mi, tó ń gbọ́wọ́ lé mi lórí, tó ń wúre fún mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Èmi àgbàlagbà obìnrin, mo fi irọ́ so bàbá mi mọ́lẹ̀ nítorí kí n lè rí ẹni tó máa kí mi káàbọ̀.

Ìgbà tí a tún padà lọ rí dókítà, mo tún pa irọ́ náà. Ó rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣe ni wọ́n ń yìn mí. “Aunty, see as Daddy fresh! Ẹ kú ìtọ́jú o. Your children will do the same for you.” Màá ní àmín. Ní ọjọ́ kan, wọ́n pè wá síwájú, èmi àti bàbá mi, wọ́n ní kí gbogbo ìjọ wá wo àpẹẹrẹ ọmọ rere. Bàbá mi fi agbádá tó rán fúnra rẹ̀ nu omi ojú rẹ̀. Mo wo ilẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé ìwà ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń pè é lórí fóònù. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló máa ń bá a gbé fóònù náà dúró kí wọ́n lè rí ojú ara wọn. Ìyá náà máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn òyìnbó ti gbà á lọ́wọ́ òun, pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti yọ, ṣé bọ́tà ni wọ́n fi ń bọ́ ọ. Yóò wá bi í pé ìgbà wo ló ń bọ̀. Bàbá mi á ní kí wọ́n fún dókítà láyè díẹ̀ sí i.

Ó wá di ọjọ́ kan, ìyá náà bi í ní ìbéèrè yẹn, bàbá mi dáhùn. Wọ́n sọ̀rọ̀ lórí òjò àti oko, ó tún bi í. Kí wọ́n tó dágbére, ó tún bi í, pẹ̀lú ohùn kan náà, bí ẹni tí kò bèèrè rẹ̀ rí. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní àárò òun ló ń sọ ẹ̀gbọ́n òun. N kò lè rẹ́rìn-ín. Wọ́ọ̀dù àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo mọ ohun tí mo gbọ́. Iyè ìyá náà ti ń ra. Mo mọ bó ṣe máa ń lọ: ohun àná ló kọ́kọ́ ń lọ, lẹ́yìn náà orúkọ, lẹ́yìn náà ojú àwọn èèyàn. Tí bàbá mi bá máa délé nígbà tí ìyá náà ṣì mọ̀ ọ́n, ó yẹ kó ti máa lọ.

Ẹ ó rò pé ọjọ́ yẹn ni mo sọ òótọ́. Mo wọ kíṣìnnì, mo lọ ń fọ abọ́ tó ti mọ́.

Ìgbà tí ooru ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni bàbá mi tún pè mí jáde. Ó ní kí n wá bá òun gbọ́ ohun tó ń dun ọ̀rẹ́ òun, pé láti àárọ̀ ló ti ń jókòó tí kò sọ̀rọ̀. Lóòótọ́, ọkùnrin náà jókòó sórí àga rẹ̀, ó tẹjú mọ́ pákó náà. Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun pe òun láti abúlé. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe ìgbìmọ̀ ìlú nísinsìnyí fẹ́ yí àmì náà padà. Wọ́n fẹ́ fi ahọ́n sínú agogo náà, kí wọ́n yà á bí ẹni pé ó ń dún, kó lè dùn ún wò fún àwọn àlejò tó ń wá síbẹ̀ wá ṣe ìgbafẹ́. Wọ́n ń bi gbogbo ọmọ ìlú, títí kan àwọn tó wà lẹ́yìn odi, pé kí ni wọ́n rí sí i.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Mo fẹ́ sọ fún un pé ìyàtọ̀ wo ló wà nínú rẹ̀.

“Ìtàn tí mo sọ fún yín nígbà yẹn,” ó ní, “ti ọmọdé ni. Kò sí sójà kankan.”

Ó ní nígbà tí ọmọ bá tó mẹ́rìnlá ní abúlé àwọn, kó tó gba oúnjẹ Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹni tó dàgbà jù nílùú ló máa ń mú un gun òkè ilé agogo, tó máa ń sọ èyí tó jẹ́ òótọ́ fún un. Láyé àtijọ́, ní gbogbo agbègbè yẹn, tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú nígbà yìnyín, wọ́n gbọ́dọ̀ lu agogo, kí ẹni tó bá wà lójú ọ̀nà lè tẹ̀ lé ìró rẹ̀ wọ ìlú. Wọn kì í pa ọjọ́ kankan jẹ, gbogbo abúlé ló ń ṣe é fún gbogbo abúlé. Àjàkálẹ̀ àrùn wá wọ abúlé kejì. Àwọn ará abúlé òun gbọ́ pé àwọn tó kù níbẹ̀ ti kó jáde, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé, pé ọ̀dọ̀ àwọn ni wọ́n ń bọ̀. Wọ́n pàdé, wọ́n jíròrò. Kò sẹ́ni tó sọ pé kí wọ́n lé wọn. Kò sẹ́ni tó ti ilẹ̀kùn. Wọ́n kàn rán èèyàn lọ sókè, ó yọ ahọ́n agogo náà, kálukú wá wọlé lọ jẹun.

“Nígbà tí yìnyín yọ́, wọ́n rí wọn nínú pápá tó wà lẹ́yìn ilé ọlọ. Wọn ò jìnnà. Ṣe ni wọ́n ń yí po ibì kan náà.”

Ó ní nígbà tó pẹ́, tí ìjọba ní kí abúlé kọ̀ọ̀kan mú àmì kan wá, àwọn àgbà ló yan agogo aláìláhọ́n. Wọ́n ní kí gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí máa wò ó.

Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi, n kò yọ nǹkan kan kúrò. Bàbá mi tún wo pákó náà.

“Sọ fún un pé kí wọ́n má fi ahọ́n sí i,” ó ní. “Nínú oríkì ilé wa, a máa ń ké e pé babańlá wa jẹ iṣu irúgbìn tí àlejò fi pa mọ́ sí i lọ́wọ́. Níwájú àna la ti ń ké e. Ojú ń tì wá, a sì ń ké e. Ọjọ́ tí a bá yọ ọ́ kúrò, ilé ẹlòmíràn la ń kì yẹn, kì í ṣe tiwa.”

Mo sọ ọ́ fún ọkùnrin náà. Ó dìde, ó bọ bàbá mi lọ́wọ́, ó sì di ọwọ́ náà mú. Ó wá bi í, bí ọ̀rẹ́ ṣe ń bi ọ̀rẹ́, pé bàbá mi náà ńkọ́, ìgbà wo ló ń lọ rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

“Dókítà ni kò tíì gbà,” bàbá mi dáhùn. “Ó ní n kò tíì lè wọ bàálù.”

Èmi ni mo túmọ̀ irọ́ ara mi sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin náà yí ojú rẹ̀ padà. Ó ní ọ̀rọ̀ wo nìyẹn. Ó ní ọjọ́ pípẹ́ lòun fi kó ẹrù sínú bàálù ní pápákọ̀ òfuurufú tó wà ní College Park kí òun tó fẹ̀yìn tì, òun sì rí àwọn tí ara wọn kò le tó ti bàbá mi rárá, lórí kẹ̀kẹ́ arọ, pẹ̀lú ẹ̀rọ atẹ́gùn nímú, tí wọ́n gbé wọn lọ sílé wọn láyọ̀.

“Sọ fún un kó lọ bi dókítà mìíràn. Sọ fún un kó má dúró. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dàgbà.”

Bàbá mi ń wò mí lẹ́nu, ó ń retí.

“Ó ní kí Ọlọ́run fún ẹ̀gbọ́n yín ní ẹ̀mí gígùn.”

“Àmín,” bàbá mi wí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Sọ fún un pé mo dúpẹ́ gan-an.”

Ohun tí ọkùnrin náà sọ kì í ṣe ohun téèyàn ń rẹ́rìn-ín sí. Ó rí ẹ̀rín náà. Ó wo bàbá mi, ó wá wò mí, kò sì gbójú kúrò lára mi fún ìgbà díẹ̀. Mo ní mo gbé nǹkan kaná, mo sì fẹsẹ̀ fẹ́ẹ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń ti bíìnì ìdọ̀tí lọ sẹ́bàá títì nígbà tí ará Jámánì náà ti tirẹ̀ jáde. Inú ti ń bí mi kó tó lanu. Mo ti ń to ohun tí màá sọ jọ: pé ọ̀rọ̀ ilé wa kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàráǹdà rẹ̀, pé ìgbà wo lòun fúnra rẹ̀ délé kẹ́yìn, pé ta ló fi í ṣe dókítà. Kò bá mi jà rárá.

“Àwọn tó yọ ahọ́n yẹn kì í ṣe ìkà,” ó ní. “Bàbá arúgbó tó mú mi lọ sókè tẹnu mọ́ ọn fún mi. Àwọn náà ní ọmọ nílé. Ẹ̀rù ń bà wọ́n ni.”

“Mo mọ̀,” mo dáhùn.

“Àwọn tó wà nínú yìnyín kò sì mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn ń tẹ́tí sílẹ̀ ni.”

Ó yí padà wọlé. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ mi lórí bíìnì títí ọkọ̀ ìdọ̀tí fi dé, tí ẹni tó ń wà á sì ń fun fèrè fún mi kí n kúrò lọ́nà.

Bàbá mi wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé nígbà tí mo wọlé. Ó ń bá mi gé sòkòtò iṣẹ́ mi tó gùn jù. Mo kúnlẹ̀.

Ó wò mí, ojú rẹ̀ sì yí padà. “Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú, Daddy. Dókítà ò sọ pé kẹ́ ẹ má lọ.”

“Dókítà wo?”

“Dókítà yín. Ó ti pẹ́ tó ti ní ẹ lè lọ. Èmi ni mi ò sọ fún yín.”

Ó rọra fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ náà títí abẹ́rẹ́ fi jáde kúrò nínú aṣọ, ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà sókè, ó gé òwú náà.

“Gbogbo ìgbà tí a lọ?”

“Gbogbo ìgbà, sà.”

“Títí kan èyí tí a lọ lẹ́yìn Kérésìmesì? Lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń bi mí ní ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì?”

Òun náà ti gbọ́ ọ nígbà náà. Ẹ̀rín tó rín, ẹ̀rín ẹni tí kò fẹ́ mọ̀ ni.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ìwọ sì rèé, iṣẹ́ rẹ ni. O mọ ohun tó ń ṣe é.”

Mo bú sẹ́kún. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìyá mi, mo sọ ti atẹ́gùn, mo sọ ti ilé tó máa ń dákẹ́. Mo fẹ́ kó bú mi. Mo fẹ́ kó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn kó ní kí n jáde níwájú òun, kí n lè mọ ibi tí mo wà. Bàbá mi nígbà kékeré wa, tí o bá ba aṣọ oníbàárà jẹ́, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó jẹ́ kí n sunkún tán.

“Dìde, orúnkún rẹ ò dáa,” ó ní. “Lọ bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì.”

Nígbà tí mo fi máa ti ìdí kọ̀ǹpútà dìde, ó ti gé sòkòtò náà tán, ó ti lọ̀ ọ́, ó sì fi kọ́ ilẹ̀kùn yàrá mi. N kò lè wọ̀ ọ́ fún ọjọ́ pípẹ́.

Ará Jámánì náà bá wa dé pápákọ̀ òfuurufú. Ó ní òun mọ ẹnu ọ̀nà tí kò ní jẹ́ kí bàbá mi rìn púpọ̀. Bàbá mi tún rán an létí nípa ahọ́n agogo náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ní òun ti sọ fún wọn nílé pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, pé wọn ò tíì dá òun lóhùn. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé àwọn kò ní rí ara wọn mọ́, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó máa pàdé lọ́la. Nígbà tí òṣìṣẹ́ tó ń ti kẹ̀kẹ́ arọ dé, bàbá mi pè mí súnmọ́ ọn, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí bó ṣe máa ń ṣe. Ẹnu rẹ̀ ń mì. Ariwo ibẹ̀ pọ̀, n kò gbọ́ ohun tó ń sọ, n kò sì nígboyà láti ní kó tún un sọ.

Ó délé láyọ̀. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é lójú ọ̀nà. Ó ní òun ń dìde na ẹsẹ̀ bí dókítà ṣe wí.

Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n pè mí láti ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo wà nínú ọkọ̀ ní ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí níbi iṣẹ́, shift mi kò tíì bẹ̀rẹ̀. Mo rí pálọ̀ náà lójú fóònù. Ìyá náà jókòó sórí àga, wọ́n ti wẹ̀ fún un, wọ́n wọ aṣọ tó mọ́ fún un. Bàbá mi wà lórí ẹní níwájú rẹ̀. Eruku ilẹ̀ wà ní iwájú aṣọ rẹ̀, níbi tó ti dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ kú ìrìn o, sà,” ìyá náà ń sọ fún un. “Wọ́n ní Amẹ́ríkà lẹ ti wá. Àbúrò mi ń bẹ níbẹ̀. Ǹjẹ́ ẹ bá mi rí i?”

“Mo rí i, mà,” bàbá mi dáhùn. “Ara rẹ̀ le.”

“A dúpẹ́. Èmi ni mo tọ́ ọmọ yẹn, ẹ̀yìn mi yìí ló gbé dàgbà. Ó ní òun ò ní pẹ́ tó fi lọ. Ta ló dá a dúró?”

Bàbá mi gbé ojú sókè, ó wo fóònù náà. Mo ronú pé ó máa sọ ọ́, mo sì fẹ́ kó sọ ọ́. Mo fẹ́ kí ẹnì kan pè mí ní ohun tí mo jẹ́, níṣojú gbogbo wọn. Látìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò gbọ́ kí bàbá mi purọ́ rí.

“Iṣẹ́ ni, mà,” ó ní. “Iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.”

“Ẹ bá mi sọ fún un kó máa bọ̀. Ẹ ní mo ń retí rẹ̀.”

“Màá sọ fún un, mà.”

Ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó gba fóònù lọ́wọ́ ẹni tó gbé e dání, ó súnmọ́ ọn. Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ má baà gbọ́, ó bi mí bóyá mo ti jẹun.